Láàpútọ́ọ̀pù Tí Olùdarí Yàn fún Àwọn Dókítà Ọ̀la

Ẹ wá àga jókòó kí n tó dárúkọ oyè ọkùnrin yìí fún yín, nítorí ó gùn, n kò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ máa ro yín. Òun ni Olùdarí Àgbà fún Ètò, Ohun Èlò, Ìlọsíwájú àti Gbogbo Ọ̀rọ̀ Mìíràn Tó Bá Yẹ, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn òyìnbó kan. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú oyè yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi kún un. Nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, tí àwọn èèyàn bá ti rò pé ó ń parí lọ, tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà wọn lábẹ́ tábìlì, á gbé ìka kan sókè, á ní, "Ọ̀rọ̀ mi kò tíì tán." Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti rí orúkọ fún un, wọ́n ń pè é ní Kò-Tíì-Tán. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o. Lójú rẹ̀, "Ọ̀gá wa àtàtà" ni.

Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ́fíìsì rẹ̀, kí àlejò tó bá fẹ́ gbójú kúrò lára rẹ̀ má baà rí ibi gbé e sí. Lórí tábìlì rẹ̀, láàpútọ́ọ̀pù kan wà níbẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ fún un lọ́jọ́ tó gorí àga. Kò ṣí i rí. Akọ̀wé rẹ̀ a máa nù ún láràárọ̀, Olùdarí a sì gbé ife tíì lé e lórí. Ó máa ń yìn ín fún àlejò pé ẹ̀rọ náà dára gan-an, kì í jẹ́ kí tíì ba tábìlì òun jẹ́.

Igbákejì rẹ̀ náà ò kẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún, àfi ìgbà tó fúnra rẹ̀ wá iṣẹ́ kan rí: pípàtẹ́wọ́. Bí Olùdarí bá ti dúró mí díẹ̀ báyìí, igbákejì á pàtẹ́wọ́, akọ̀wé á sì ní, "Òótọ́ pọ́ńbélé!" Wọ́n ti ṣe é pẹ́ débi pé wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Èémí ọ̀gá ni wọ́n ń dúró dè.

Ó wá di ọdún kan tí ilé-ẹ̀kọ́ náà pinnu pé orí kọ̀ǹpútà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa ṣe ìdánwò. Olúkúlùkù wọn gbọ́dọ̀ ra láàpútọ́ọ̀pù. Àwọn ọmọ náà bẹ ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sọ irú èyí tó yẹ káwọn rà, kí wọ́n má lọ ra ohun tí kò ní í wúlò. Wọ́n pe ìpàdé. Obìnrin tó ń kọ́ wọn nípa ẹ̀yà ara, ẹni tí ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín láìnídìí, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kó fúyẹ́, kí bátìrì rẹ̀ pẹ́, kó má sì máa gbóná jù. Ó parí."

Ó ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ. Olùdarí wò ó bí ẹni tó tutọ́ sórí rọ́ọ̀gì.

"Ó parí kẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó kan ẹ̀mí àwọn aláìsàn tí wọn ò tíì bí pàápàá, ẹ ní ó parí? Olùkọ́, orí ẹ̀rọ yìí ni ọ̀la gbogbo wa dúró lé! A ó gbé ìgbìmọ̀ dìde!"

Àtẹ́wọ́ dún. "Òótọ́ pọ́ńbélé!"

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde lóòótọ́. Ìgbìmọ̀ kan yóò yan láàpútọ́ọ̀pù. Ìgbìmọ̀ kejì yóò yan tábìlì tí wọn yóò tò wọ́n lé. Ìgbìmọ̀ kẹta yóò yan aṣọ tí wọn yóò tẹ́ sórí tábìlì náà. Àwọn aláṣọ ló kọ́kọ́ parí, Olùdarí sì gbóríyìn fún wọn ní gbangba, ọ̀rọ̀ oríyìn náà gùn ju iṣẹ́ wọn lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yàn án, wọ́n to àwọn kọ̀ǹpútà sójú kan. Olùdarí káwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn níwájú wọn bí ọ̀gá ológun tó ń bẹ àwọn ọmọ ogun wò. Bó bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan, á gbé e, á gbá a mọ́yà, á fi ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀ kó-kó-kó, á sì tẹ́tí sí i. Ó gbé kékeré kan báyìí, ó rẹ́rìn-ín àrínfín.

"Kí ni dókítà fẹ́ fi èyí ṣe? Bó bá gbé e wọlé, aláìsàn á rò pé àwo oúnjẹ ni wọ́n gbé wá fóun."

Àtẹ́wọ́ dún.

"Ọ̀gá," olùkọ́ yẹn ní, "ẹ ò ní tan ìkankan wò ni?"

"Ojú mi ti tó, Olùkọ́. Ẹni tó ní irú ojú yìí kì í tan nǹkan wò."

Ibi tí wọ́n ti ń bá a lọ ni oníṣòwò kọ̀ǹpútà kan wọlé. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń yọ̀ tẹ̀rẹ́. Láàpútọ́ọ̀pù kan wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó rà á, ó tóbi bí àpótí aṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bíi wúrà. Ó ti ń wá ẹni tí yóò rù ú kúrò nílẹ̀ fóun tipẹ́tipẹ́. Ó bo aṣọ lé e, òun àti ọkùnrin kan gbé e wọlé jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé aláìsàn.

"Ọ̀gá, èyí, mi kì í gbé e jáde fún ẹni lásán."

Olùdarí gbé e. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Àárín rẹ̀ dún. Ojú rẹ̀ wá tàn.

"Ẹ ò rí nǹkan! Ìmọ̀ gbọ́dọ̀ wúwo! Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá fúyẹ́, ọ̀rọ̀ aláìsàn máa fúyẹ́ lọ́kàn rẹ̀!"

Oníṣòwò rí i pé ẹja ti gbé ìwọ̀ mì. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀gá, ohun kan tún wà. Bí ọmọ kan bá ti tàn án báyìí, a lè ṣe é kó jẹ́ ojú yín ló máa kọ́kọ́ rí, kó sì jẹ́ ohùn yín ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Kò ní lè ṣe nǹkan mìíràn títí ẹ ó fi parí ọ̀rọ̀ yín."

Olùdarí wá àga jókòó. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú.

"Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tàn án?"

"Gbogbo ìgbà, Ọ̀gá."

"Gbogbo wọn?"

"Ẹyọ kan ò ní ṣẹ́kù."

Bí wọ́n ṣe yan láàpútọ́ọ̀pù fún àwọn tí yóò máa tọ́jú èmi àti ẹ̀yin nìyẹn. Nígbà tí olùkọ́ bèèrè nípa bátìrì rẹ̀, Olùdarí ní bátìrì kọ́ ló ń kọ́ èèyàn ní ìṣègùn. Ó sì pàṣẹ pé láàpútọ́ọ̀pù mìíràn kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ì báà jẹ́ ti ọmọ ọba.

Ọ̀rọ̀ tí ó sọ sínú ẹ̀rọ náà ńkọ́? Orí ìgbà tí wọ́n bí i ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún un gbọ́ ọ títí, ó fara balẹ̀ bẹ̀bẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi bọ́tìnì kan sí i, tí iṣẹ́ bá ń kán wọn lójú, kí wọ́n lè fo ọ̀rọ̀ náà."

"Kí wọ́n fo ta? Èmi? Ṣé gọ́tà ni mí?"

Bọ́tìnì kò sí. Èyí tí wọ́n fi ń dín ohùn kù, ó ní kí wọ́n pa òun náà tì títí òun yóò fi parí. Àtẹ́wọ́ igbákejì bọ́ sínú rẹ̀, ó ń dún pàràpàrà ní gbogbo ibi tí ọ̀gá ti mí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dẹ́rìn-ín dúró díẹ̀. Olùdarí yìí ní àbúrò kan lóbìnrin, aránṣọ ni, ọkọ rẹ̀ ti kú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló sì fi ń jẹun. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn yìí. Ọmọ náà mọ̀wé, àmọ́ ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ ìdánwò ẹ̀yà ara àkọ́kọ́, ó fìdí rẹmi. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ ni pé ẹni tó bá kùnà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ilé ló ń lọ. Ìdánwò tó ń bọ̀ yìí nìkan ló kù fún un. Láàpútọ́ọ̀pù kékeré tí bàbá rẹ̀ lò kó tó kú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fúyẹ́, kì í tètè kú, inú rẹ̀ sì ni gbogbo ohun tó ti kà wà.

Ìyá rẹ̀ wọ aṣọ dáadáa, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọ́fíìsì.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Jókòó. Má fara kan tábìlì."

"Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni mo bá wá. Èyí tó ní lọ́wọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa lo ìyẹn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé tó bá tún bọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Olùdarí dìde. Ó tún táì rẹ̀ ṣe. Àbúrò rẹ̀ nìkan ló wà nínú yàrá, àmọ́ ó gbójú sókè bí ẹni pé èèyàn kún ibẹ̀ dé òrùlé.

"Àbúrò mi ọ̀wọ́n! Nígbà tí mo pa àṣẹ yìí, mo wọ̀tún, mo wòsì, n kò rí ẹbí. Àṣẹ kò ní àbúrò! Àṣẹ kò ní ọmọ àbúrò!"

Àtẹ́wọ́ dún láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Bùrọ̀dá mi, èmi nìkan lẹ ń bá sọ̀rọ̀ o."

"Ọ̀rọ̀ mi kò tíì tán."

Nígbà tí ó máa tán, ilẹ̀ ti ń ṣú. Obìnrin náà sunkún díẹ̀, àmọ́ kò sunkún dé ilé. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ó sì ti rí i pé ẹ̀gbọ́n òun kò ní í yí ọkàn padà. Ó ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, èyí tó yá jù nínú méjèèjì, ó sì ra àpótí wúrà náà fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà rí ààyè òfìfo tí ẹ̀rọ náà fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó bú sẹ́kún.

"Mọ́mì, ẹ ò bá má tà á."

"Gbé ẹnu ẹ dákẹ́. Ṣáà lọ yege."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn olùbẹ̀wò wá, àwọn tó ń sọ bóyá ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣì yẹ ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà. Dókítà àgbà obìnrin kan, onírun funfun, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló ṣáájú wọn. Gbogbo èèyàn ń pè é ní Màmá. Olùdarí mú wọn wọ gbọ̀ngàn, níbi tí àwọn ọmọ ti jókòó sẹ́yìn àpótí wúrà wọn, tí èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ rí ju iwájú orí wọn lọ. Ó fi ọ̀rọ̀ kí àwọn àlejò káàbọ̀ títí ọ̀kan nínú wọn fi ń tòògbé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì mélòó kan ló wà lára ògiri gbọ̀ngàn náà, èyí tó sì dára jù nínú wọn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn Olùdarí ló wà nínú rẹ̀.

"Ó yá," ó ní, "ẹ tan ẹ̀rọ yín!"

Wọ́n tàn án.

Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún Olùdarí yọjú lójú ẹ̀rọ, gbogbo wọn la ẹnu. Nítorí pé àwọn ọmọ kò tàn án pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí Olùdarí kan ṣe ń sọ pé "Ẹ̀yin dókítà ọ̀la," òmíràn ti dé ibi tí wọ́n ti bí i, òmíràn ń sọ bó ṣe gba ẹ̀bùn nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àtẹ́wọ́ igbákejì sì ń ta pàpàpà láàárín gbogbo wọn bí òjò orí páànù. Àwọn olùbẹ̀wò di etí. Olùdarí gidi rò pé ìwúrí ló mú wọn di í, ó tẹ orí ba.

Ọ̀rọ̀ náà parí nígbẹ̀yìn, ìbéèrè wá jáde. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ wàràwàrà. Àmọ́ àpótí wúrà yìí, ojú ńlá, ohùn ńlá, bátìrì kín-ń-kín. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ti jẹ iná tó wà nínú rẹ̀ tán. Ọ̀kan kú. Òmíràn kú. Àwọn ọmọ gbá mú ṣájà, wọ́n ń sáré lọ síbi ògiri, wọ́n ń ti ara wọn. Ẹni tó bá rí sọ́kẹ́ẹ̀tì, á tún un tàn. Tó bá sì tún un tàn, ta ló máa yọjú?

"Ẹ̀yin dókítà ọ̀la! Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bí mi..."

Ọmọ aránṣọ ti dáhùn ìbéèrè nípa ọwọ́, ó ti dé èyí tó jẹ́ nípa ọkàn, nígbà tí tirẹ̀ kú. Ó rọ́nà kì í bọ iná. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ yọjú. Ó dúró dè é. Ọ̀rọ̀ náà ń parí lọ nígbà tí ẹni kan fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, ó tún kú. Ó tún un tàn. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tún yọjú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wo aago ara ògiri, ó rí i pé àkókò ń lọ, ó rántí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá rẹ̀ tà. Ó gbé orí lé tábìlì, ó ń sunkún.

Màmá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ọmọ mi, kí ló dé tí o ò ṣiṣẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mọ́mì mi ló ń sọ̀rọ̀, mà. Wọn ò tíì parí."

Màmá wo ojú ẹ̀rọ náà. Ó wo Olùdarí níwájú gbọ̀ngàn. Ó fi ọwọ́ pè é.

"Ẹ bá mi pa èyí lẹ́nu mọ́, kí ọmọ yìí lè ṣe ìdánwò rẹ̀."

Olùdarí wá. Ó yọ́ ẹ̀rín sí ẹ̀rọ náà, bí ẹni fẹ́ bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Ó fi ìka tẹ ibì kan. Kò sí nǹkan. Ó tẹ ibòmíràn. Ó kan ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, kó-kó-kó. Òógùn bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó tó," ó sọ fún ara rẹ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ.

"Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ!" ara rẹ̀ dá a lóhùn.

"Mo ní ó tó!"

Èyí inú ẹ̀rọ mí kanlẹ̀. Igbákejì, tó dúró lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀, gbọ́ èémí tó ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró gbàṣẹ. Ó pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé ké tantan pé, "Òótọ́ pọ́ńbélé!"

Olùdarí yíjú sí wọn. "Ta lẹ ń pàtẹ́wọ́ fún? Èmi rèé! Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ níbí!"

Ojú àwọn méjèèjì ń lọ síbí, ó ń lọ sọ́hùn-ún. Wọn ò mọ èyí tí wọn yóò dá lóhùn. Èyí inú ẹ̀rọ ló gbóhùn jù, wọ́n bá tẹ̀lé ìyẹn. Bó bá ti mí, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Inú wá bí Olùdarí ju bó ti yẹ lọ, ó na ìka sí ojú ara rẹ̀, ó kígbe sókè, "Dákẹ́ ẹnu ẹ, aláròyé lásánlàsàn! Ta ló ní kó o dá gbogbo èèyàn dúró?"

Ẹ̀rín bú jáde ní gbọ̀ngàn, àtọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àtọ̀dọ̀ àlejò. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Olùkọ́ ẹ̀yà ara, tí kì í rẹ́rìn-ín, kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dá ìdánwò náà dúró, ó ní kí wọ́n ṣe òmíràn lọ́jọ́ kejì, kí olúkúlùkù mú ẹ̀rọ tó bá wù ú wá, kí ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ fi bírò kọ ọ́ sórí bébà. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé, "Ilé-ẹ̀kọ́ yín dára. Ọkùnrin yẹn ló pọ̀ jù níbẹ̀."

Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n ní kí Olùdarí máa sinmi nílé. Igbákejì ti ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kí àga tó tutù.

Ọmọ aránṣọ fi láàpútọ́ọ̀pù bàbá rẹ̀ ṣe ìdánwò, ó sì yege. Ọjọ́ tí èsì jáde, òun àti ìyá rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Olùdarí ya wọlé. Kò wọ táì. Ó dúró sí ààyè òfìfo yẹn láìmọ ohun tó ti wà níbẹ̀ rí, kò sì rí ẹni tó fún un lágà, nítorí oníbàárà ló jókòó sórí èyí tó wà. Ó kí ọmọ náà kú oríire. Ọ̀rọ̀ kan péré. Ó wá dúró síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Ọmọ mi," ó ní, "ìwọ lo gbọ́ ọ̀rọ̀ mi jù lọ́jọ́ ìdánwò yẹn. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ni mo ti ń gbìyànjú láti rántí. Kí ni mo tiẹ̀ sọ?"

Ọmọ yìí lè dárúkọ gbogbo egungun tó wà lára èèyàn láì wòwé. Ó ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn, nítorí ó fẹ́ rí nǹkan sọ fún un, àánú rẹ̀ ń ṣe é.

"Dádì, ẹ má bínú. Mi ò rántí ìkankan."

Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó kù fún un. "Èmi rántí ti èmi, Bùrọ̀dá mi," ó ní. "Ẹ ní àṣẹ ò ní àbúrò." Ó sì ń rán aṣọ rẹ̀ lọ.